Ìkíni Tó Ń Bọ̀ Láti Orí Rédíò

Ẹni tí wọ́n rán wá pé kó jẹ́ kí rédíò dún ketekete lábúlé náà gan-an ni kò fẹ́ kó dún. Ẹ má tíì bú u. Nítorí ìyá rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Olóhùn-iyọ̀, ló ń ka ìròyìn ìrọ̀lẹ́ nílùú ńlá. Òkè ló yí abúlé ìyá wọn ká, ariwo ṣììì ló sì ń pọ̀ jù lórí rédíò ibẹ̀. Síbẹ̀, bí ìròyìn bá ti parí, Màámi á gbọ́ ọ pé, "Ẹ kú ilé o, Màámi," á sì dáhùn pé, "O ṣé, ọmọ mi." Kò sí aládùúgbò tí kò fi yangàn sí.

Ìlú ńlá ni àbúrò yìí ń gbé, ó mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wí: "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi." "Ẹ" tí a fi ń kí àgbà náà la fi ń kí èrò, ariwo ló gbé ìyókù mì. Ta ni yóò la ẹnu sọ fún ìyá pé ọmọ rẹ̀ kò kí i?

Ó tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago láti orí òkè, níbi tó ti fẹ́ gbé òpó rédíò ró. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé Màámi lónìí."

"Kí ọ̀gá mi lè lé mi? Gbé òpó ẹ ró, jàre!"

Ó fi iṣẹ́ náà falẹ̀ títí, ṣùgbọ́n èèyàn lè gbé ọ̀rọ̀ mì, kò lè gbé òpó mì. Nírọ̀lẹ́, ó gbé rédíò dìjítà tuntun wá sí pálọ̀ ìyá rẹ̀. Ohùn náà mọ́ gaara. Wọ́n ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń ṣí ìwé. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi."

Ojú ti àbúrò náà. "Màámi, ẹ má bínú."

"Bínú kẹ̀? Ará rẹ̀ kọ́ ni mí ni? Ṣebí inú ara mi yìí náà ló ti jáde." Ó sún mọ́ rédíò, ó gbé ojú sókè. "Pe ẹ̀gbọ́n rẹ fún mi kíá. Ọ̀fìnkìn ń ṣe é, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ariwo yẹn fi ń pariwo, ta ló mọ iye ìgbà tí ara ọmọ mi ò yá, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín?"