Ọrun Mẹ́ta Láti Òdìkejì Ẹnubodè

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí yìnyín yọ́ tán ni ọrun mi fọ́. N kò fi gbá nǹkan, n kò sì jù ú mọ́lẹ̀. Mo so okùn rẹ̀ bí mo ṣe máa ń so ó, mo dúró níwájú àgọ́ mi, mo fà á dé etí, mo wá gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ajá bá fi eyín fọ́ egungun. Ìwo tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ikùn ọrun náà ti là láti orí títí dé ibi ìdìmú. Mo jókòó sórí táyà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé e lé itan, mo ń fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tó là náà títí tíì tí mo gbé kalẹ̀ nínú ilé fi tutù.

Sodnom, ọkọ mi, ló ṣe ọrun náà. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Òun ló ń yẹ irin ojú ọ̀nà wò láti ibùdó wa dé ibùdó tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n tí òtútù bá ti dé, ọrun ló máa ń ṣe. Ìwo ewúrẹ́ orí òkè, iṣan ẹ̀yìn màlúù, igi, àti àtè tó sè láti ara ẹja, ìyẹn ni gbogbo ohun tó ń lò. Ọdún kan gbáko ló fi ṣe tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì wọn apá mi kó tó gé igi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti kú. Ní gbogbo agbègbè wa nínú aṣálẹ̀ Gobi, kò sí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà ní Ulaanbaatar, olú ìlú wa, iye tí wọ́n sì ń ta ẹyọ kan tó láti ra ẹṣin méjì pẹ̀lú gàárì.

Solongo, ọmọ wa kan ṣoṣo, wà ní Kòríà, ilé ìfọṣọ kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo ròyìn fún un lórí fóònù, ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé wọ́n ń ṣe ọrun olówó pọ́ọ́kú ní Ṣáínà, kí n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ereen lódìkejì ẹnubodè, kí n ra ọ̀kan. Ó wá bi mí pé ta ni mò ń bá ta ọfà gan-an. Mo ní iná fóònù mi ti fẹ́ tán.

Kò sí ẹni tí mò ń bá ta á. Nígbà kan rí, obìnrin mọ́kànlá la jẹ́ ní ibùdó wa. Àwọn kan lọ sí olú ìlú, àwọn kan kú, àwọn kan ní àwọn ti dàgbà jù. Èmi nìkan ló kù. Mo máa ń to àwọn ìdì awọ kéékèèké tí à ń ta sílẹ̀ fúnra mi, màá padà rin bí ìṣísẹ̀ ọgọ́rin, màá ta ọfà mẹ́rin, màá tún rìn lọ wò ó bóyá mo bà á. Níbi ìdíje, àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì awọ ló máa ń gbé ọwọ́ sókè, tí wọ́n á fi orin kéde pé ọfà ti bà á. Ẹni tó bá ń dá ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi mọ̀.

Mo lọ sí Ereen ní ìparí oṣù kẹrin. Mo sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Zamyn-Üüd, ìlú tó kẹ́yìn kí a tó dé ẹnubodè, mo wọ ọ̀kan nínú àwọn jíìpù tó ń kó èèyàn kọjá, nítorí wọn kì í jẹ́ kéèyàn fẹsẹ̀ rìn ín. Èèyàn mẹ́sàn-án la há sínú rẹ̀. Obìnrin oníṣòwò kan gbé ìdajì ara rẹ̀ lé mi lórí, ó ń jẹ wàrà gbígbẹ, ó sì bi mí ohun tí mo fẹ́ lọ rà. Nígbà tí mo ní ọrun ni, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní òun rò pé aṣọ ìkélé ni màá sọ.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ń jẹ́ Nasan. Mongol ni òun náà, ti apá ọ̀hún, èdè rẹ̀ kàn ń dún yàtọ̀ díẹ̀ létí mi ni. Ọrun kún ara ògiri rẹ̀: pupa, dúdú, àwọn kan tí wọ́n fi awọ àfarawé ejò wé. Mo mú ọ̀kan. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ike ni, wọ́n wá fi awọ bò ó. Apá rẹ̀ méjèèjì ṣẹ́rí padà síwájú bó ṣe yẹ. Nasan ní òjò ò ní pa á lára, òtútù ò ní là á, kò sì ní pọn dandan kí n máa yá a níná kí n tó lò ó. Ó so okùn rẹ̀ fún mi. Mo ki òrùka awọ bọ àtàǹpàkò, mo fà á dé etí, mo dì í mú síbẹ̀.

Nasan wo bí mo ṣe di ọrun mú. Ó ní, "Ìyá, ta ló kọ́ yín?"

"Ọkọ mi."

"Òun náà ṣì ń ta á?"

Mo rọra dá okùn náà padà. Mo ní, "A pọ̀ tá à ń ta á. Àwa obìnrin nìkan tó mọ́kànlá."

N kò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ ọkùnrin náà nínú. Ó fa àga fún mi, ó bu tíì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí a ṣe ń ṣe é, ọjọ́ wo la máa ń pàdé, ta ló mọ̀ ọ́n ta jù. Mo sì ń dá a lóhùn. Mo ní a máa ń pàdé ní àràárọ̀ Sátidé. Mo ní a máa ń rẹ́rìn-ín gan-an. Mo dárúkọ wọn fún un níkọ̀ọ̀kan, tòkú tààyè, mo sì fi orúkọ Pagma sí ìparí, mo ní òun ló mọ̀ ọ́n ta jù.

Nasan ní bí a bá pọ̀ tó báyìí, kí n kúkú mú mẹ́ta, òun á dín owó kù débi pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní tó ìdajì ọ̀kan tí wọ́n fi ìwo ṣe. N kò lè sọ pé mi ò fẹ́ mọ́. Báyìí ni mo ṣe gbé ọrun mẹ́ta jáde nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ọ̀kan fún mi, méjì fún ẹni tí kò sí.

Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ní ẹnubodè tú ẹrù mi, ó tún kà wọ́n. Ó ní, "Mẹ́ta, Màmá? Ta ló ṣẹ̀ yín tó báyìí?" Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mi padà sílé, tí aṣálẹ̀ ń kọjá lójú fèrèsé, orúkọ Pagma tí mo pè ní ṣọ́ọ̀bù yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Pagma fi ọdún méjì jù mí lọ. Òun ló ń ta ìyẹ̀fun àti ṣúgà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ọdún mẹ́fà ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Níbi ìdíje Naadam, àjọ̀dún ọdọọdún wa, àwa méjèèjì ló kù, mo fi ọfà kan ṣíwájú, tirẹ̀ sì ku ọ̀kan lọ́wọ́. Sodnom wà lára àwọn tó dúró ti ìdì awọ. Ọfà Pagma fò gba ẹ̀gbẹ́ ìdì tó wà ní ìparí kọjá. Sodnom kò gbé ọwọ́ sókè. Pagma pariwo pé ó bà á, pé ọkọ mi ló ń fi èrú gbè mí. Mo bú u níwájú gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ ra ìyẹ̀fun, ṣọ́ọ̀bù tó jìnnà ni mò ń lọ.

Nígbà tí àìsàn dá Sodnom dùbúlẹ̀, ó sọ fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń gé èékánná rẹ̀, pé ìdì awọ yẹn mì. Ó ní òun rí i. Ó ní òun fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, òun wá rí ojú mi lọ́ọ̀ọ́kán. Mo gé èékánná tó kù tán. Títí tó fi kú, kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà nínú àwa méjèèjì.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọrun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára ògiri àgọ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ń mu ọbẹ̀ mi, mo máa ń wò wọ́n bí ẹni tó gba àlejò tí kò mọ̀. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo sọ ọ̀kan kalẹ̀, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Pagma.

Ó ń wọn ṣúgà sínú ọ̀rá. Kò gbé ojú sókè. Mo gbé ọrun náà sórí káńtà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n Pagma, ọfà yín bà á lọ́jọ́ náà. Sodnom rí i. Ó sọ fún mi kó tó kú."

Ó so ẹnu ọ̀rá náà. Ó mú òmíràn. Ó ní, "Ṣé ìgbà tí ìwọ mọ̀ lo rò pé èmi mọ̀?"

"Mo wá tọrọ àforíjì ni."

"Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó gbójú sókè wàyí. Ó mú ọrun náà, ó fi èékánná kàn án, ó ní, "Ike. Nǹkan tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń wá ya fọ́tò." Ó fi í lé ẹ̀gbẹ́ àpò ìyẹ̀fun. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ ra nǹkan. Mo ra ìyẹ̀fun kílò méjì tí n kò nílò, mo sì lọ sílé. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n àyà mi fúyẹ́ díẹ̀.

Kò wá síbi Naadam lọ́dún náà. Èmi nìkan ni obìnrin tó wá ta ọfà. Àwọn bàbá mẹ́rin tó ṣì ń ta ọfà kọ́kọ́ fi ọrun mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí n má gbàgbé kí n gbé bátìrì sí i. Mo ta ogún ọfà, mọ́kànlá bà á. Ẹlẹ́gbẹ́ wọn kan ló ń gbé ọwọ́ sókè tó ń kọrin fún mi, ohùn rẹ̀ ti ha. Àwọn ìgbìmọ̀ ní ẹnì kan kò lè bá ara rẹ̀ díje, nítorí náà kò sí ẹ̀bùn àwọn obìnrin. Wọ́n fún mi ní fìláàsì kan kí n má bàa lọ lọ́wọ́ òfo. Mo fi bu tíì lọ́nà ilé, mo dá jókòó sẹ́bàá irin ojú ọ̀nà, mo mu ún.

Oṣù kẹsàn-án ni Pagma dé. Mo ń to ìdì awọ lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i lókèèrè tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọrun léjìká, ó ń rọra rìn, eékún ń dùn ún. Mo rí i pé ó ti ń lò ó. Awọ ibi ìdìmú ti dúdú. Kò kí mi dáadáa. Ó ní afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì, kí n má to àwọn nǹkan náà síbẹ̀. Mo kó wọn síbi tó fẹ́.

A ta á títí di ọ̀sán. Bí mo bá ń ta, òun ló ń lọ dúró lọ́hùn-ún, bí òun bá ń ta, èmi ni mò ń lọ. Ó mọ̀ ọ́n ta jù mí lọ síbẹ̀síbẹ̀. A kò sọ̀rọ̀ Sodnom. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní ọrun náà kò burú tó bí òun ṣe rò, pé ó kàn jẹ́ ọ̀lẹ díẹ̀ lọ́wọ́ ni. Ó wá ní Sátidé mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ìkejì nínú wọn, ó mú búrẹ́dì tó dín wá. Ìkẹta, ó ní ọmọ òun ọkùnrin ti ra ilé sí Ulaanbaatar, eékún òun kò sì ní lè gba òtútù kan sí i níbí. Ìkẹrin, ó dé lẹ́yìn àkókò, kò sì pẹ́.

Mo bá a gbé ẹrù dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ọrun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú àpò aṣọ kan tó rán fúnra rẹ̀. Ó gòkè, ó jókòó, ó na ọwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ kì í pẹ́ ní ibùdó wa.

Lẹ́yìn tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́, ó pè mí. Ó ní ilé náà gbóná dáadáa, àjà kẹjọ ni wọ́n wà, kò sí ilẹ̀ tí ènìyàn lè ta ọfà sí nítorí ilé àti ọkọ̀. Ó ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni òun fi ọrun náà kọ́ sí. Ó wá ní, "Báwo ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lónìí?"

Mo wọ bàtà, mo gbé fóònù jáde lọ wò ó.