Nọ́ńbà Ẹ̀yìn Ìgò

Àdúgbò ló sọ ẹ̀gbọ́n ọlọ́ṣẹ ní Mo-Ti-Mọ̀. Ẹ ò ní tíì sọ̀rọ̀ débì kan tí á ti ní, "Mo ti mọ̀." Kí ló mọ̀? Kò mọ nǹkan kan! Àbúrò rẹ̀, obìnrin tó ń se ọṣẹ, mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, síbẹ̀ òun náà ló gbé fóònù fún un pé kó bá òun ṣí ṣọ́ọ̀bù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́ṣẹ ti pa iṣẹ́ ìránṣọ tì nítorí ọṣẹ yìí, ó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí ọṣẹ ò bá tà, kò níbi tó máa padà sí.

Àwọn tó ni ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà bèèrè nọ́ńbà ọjà, èyí tó máa ń wà lábẹ́ àwọn ilà dúdú ẹ̀yìn páálí.

"Wọ́n ní ọ́fíìsì kan wà tó ń fúnni," ni ọlọ́ṣẹ wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ gba tiwa."

"Mo ti mọ̀. Ṣebí nọ́ńbà ni wọ́n ń bèèrè? Nọ́ńbà kún ilẹ̀!"

Ni Mo-Ti-Mọ̀ bá yọ ìgò ọṣẹ olómi kan nínú ike ìdọ̀tí ẹnu ọ̀nà, ó da nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ kọ. Kò tiẹ̀ yí iwájú rẹ̀ wò.

Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tà wàràwàrà. Mo-Ti-Mọ̀ ń yan kiri, àfi bíi pé òun ló se ọṣẹ. Àṣé ẹ̀gbin ń bọ̀. Oníbàárà kan fi àwòrán ránṣẹ́: ajá ńlá kan nínú ọpọ́n, ìfófòó ọṣẹ dé etí rẹ̀. "Irun ajá mi ń dán. Ẹ fi kún un fún mi."

Ọṣẹ tí ọlọ́ṣẹ fi òróró àgbọn sè fún ojú èèyàn! Ó wá ìgò náà rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó yí i padà. Ajá ló wà níwájú rẹ̀, ó yọ ahọ́n síta.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú ewé ọṣẹ ajá lẹ gbé ọṣẹ mi sí!"

"Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ọṣẹ ni?"

Ìkìlọ̀ àwọn onílé ìtajà wọlé lọ́jọ́ náà gan-an: "Nọ́ńbà ló ń sọ ohun tí ọjà jẹ́ àti ẹni tó ni ín fún wa. Ẹni tó ni èyí ti fẹjọ́ yín sùn. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́. Tó bá tún jẹ́ ti ẹlòmíràn, a máa ti ṣọ́ọ̀bù yín pa, kò ní ṣeé ṣí mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o," ni ọlọ́ṣẹ wí. "Mo ń lọ sí ọ́fíìsì yẹn."

"Mo ti mọ̀."

Ọlọ́ṣẹ rí nọ́ńbà gbà, ọ̀tọ̀ fún ọṣẹ kékeré, ọ̀tọ̀ fún ńlá, nítorí wọ́n ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Inú rẹ̀ dùn títí dé ilé. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àga, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, agolo wàrà wà níwájú rẹ̀.

"Mo ti bá ẹ yanjú ẹ̀," ó ní. "Ti agolo yìí ni mo fi ránṣẹ́. Mo wo iwájú ẹ̀ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Kò sí ajá níbẹ̀."

Lóòótọ́, màlúù ló wà níbẹ̀. Kó tó pa ẹnu dé, fóònù dún: wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Ó dun ọlọ́ṣẹ débi pé kò rí omijé sun. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó mú ọṣẹ kan, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà, ẹ lọ wẹ̀. Ajá tó lò ó kò kábàámọ̀."