Ọjọ́ Méje Tí A Fi Gbàdúrà fún Sìmẹ́ńtì

“Tí Ọlọ́run bá ní aago, ọwọ́ mi yìí ló wà.”

Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá ló wí bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, ní ìsìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹfà. Ó ká apá sùtánà rẹ̀ sókè kí a lè rí aago náà dáadáa. Owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, ló fi rà á, ó sì ń dán débi pé àwọn akọrin tó wà lẹ́yìn pátápátá ń ṣẹ́jú. Òun ni alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, wọn ò sì tíì to òkúta kan lé èkejì.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yangàn. Ọdún náà ni ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kún ojú òkun níwájú Àpápá débi pé wọ́n ní èèyàn lè máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, síbẹ̀ o ò lè rí ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ìlú tí o máa fi dí ihò eku. Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá rí ọgọ́rùn-ún àpò. Bó ṣe rí i, kò sọ, a ò sì béèrè. Lọ́rì kan já gbogbo rẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́bọ̀, a sì jó yí i ká.

Ẹni tí ijó náà ṣe pàtàkì fún jù ni Ìyábọ̀dé, aránṣọ tó rán ìdajì sùtánà inú ìjọ. Òun ló bá wa tọrọ ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ Bàbá Olúsànyà, olórí ẹbí tó ni ín. Odidi ọdún méjì ló fi ń lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí Bàbá ṣe gbà ni àwọn kan tó fẹ́ kọ́ ilé epo tún dé, pẹ̀lú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gígùn àti owó. Bàbá wá dájọ́ fún wa. Ó ní tí òun bá dé ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kẹfà, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí òun bá ògiri tó ga dé àyà òun, a ti ni ilẹ̀ nìyẹn. Tí òun ò bá bá a, kí a má bínú, ilé epo ni. Ìyẹn ni pé kí a padà sínú pálọ̀ kan ní Ìdímù, níbi tí onílé ti tìlẹ̀kùn mọ́ wa síta lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí a ń kọrin lọ́wọ́.

Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló kù. Ṣàfíù, bíríkìlà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a bá ṣàdéhùn, ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ dé, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ó yẹ kí búlọ́ọ̀kù rí oòrùn kí wọ́n tó tò ó. Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní ọjọ́ méje ni wọ́n fi yí ògiri Jẹ́ríkò ká kó tó wó, nítorí náà ọjọ́ méje ni a máa fi yí tiwa ká kó tó dìde. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni a máa já àpò àkọ́kọ́. Ẹni tó dá gbogbo ayé láàárín ọjọ́ mẹ́fà, kí ni ògiri ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta máa jẹ́ fún un ní ọjọ́ méjì? A ní hallelúyà. Ṣàfíù ní ó dáa, ó sì jókòó sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níwọ̀n ìgbà tí a ti sọ fún un pé ẹnikẹ́ni tó bá wọ bàtà ò gbọdọ̀ súnmọ́ ibi mímọ́.

Ni àdúrà bá bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, a ń yí sìmẹ́ńtì yẹn ká pẹ̀lú àbẹ́là àti agogo. A ti ká tapólì orí rẹ̀ kúrò, torí Alàgbà ní ìgbàgbọ́ ò nílò tapólì. A sì dojú àdúrà kọ òjò.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Òjò ò rọ̀. Nínú oṣù kẹfà ní Èkó, fún ọjọ́ méje gbáko, ẹ̀kán kan ò bọ́ sórí ilẹ̀ wa. Òjò máa ṣú dúdú láti ọ̀nà Ìgàndò, ó máa dé ẹ̀gbẹ́ wa bí ẹni tó fẹ́ wọlé, á wá yà gba ọ̀nà Ìdímù lọ. Àwọn èèyàn ń ti Ẹ̀gàn wá wò ó. Wọ́n á dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á wo òkè, wọ́n á wo sìmẹ́ńtì, wọ́n á tún wo òkè.

Ohun kan ṣoṣo tí a ń dà sórí rẹ̀ ni omi àdúrà.

Ẹ̀kán díẹ̀ díẹ̀ la kọ́kọ́ ń wọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ ti di ìdíje. Ìgò ò tó mọ́, kẹ́tù dé. Ṣóbọ̀wálé, olórí akọrin, gbé odidi páànù kan wá látọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì rí i dájú pé àpò ìsàlẹ̀ ò fi ìbùkún du tòkè.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyábọ̀dé lọ bá Ṣàfíù lábẹ́ igi. Obìnrin yìí, tó bá rán aṣọ fún ọ, á bi ọ́ léèrè ibi tí o ń wọ̀ ọ́ lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì tó fi ń le. Ṣàfíù ní yanrìn àti omi. Ìyábọ̀dé ní tí kò bá wá sí yanrìn ńkọ́? Ṣàfíù wò ó, ó wo Ṣóbọ̀wálé tó ń bọ̀ pẹ̀lú páànù, ó sì fa fìlà rẹ̀ bojú.

Ìyábọ̀dé bá kọrí sọ́dọ̀ Alàgbà, ó kúnlẹ̀, ó béèrè tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Alàgbà ní omi bíríkìlà lọ́tọ̀, omi àdúrà lọ́tọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni Ìyábọ̀dé wí, “báwo ni sìmẹ́ńtì ṣe máa mọ̀ ọ́n?”

Alàgbà ní kó lọ gbààwẹ̀. Ó sì gbà á.

Ọjọ́bọ̀ pé. Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú kan, gbogbo wa dúró nínú funfun, Alàgbà gbé aago sójú, ó gbé ọ̀bẹ sókè, ó sì gún àpò àkọ́kọ́. Ọ̀bẹ tẹ̀. Ó gún ìkejì, ọ̀bẹ dá. Ṣóbọ̀wálé gbé ṣọ́bìrì lu ìkẹta, ó dún bí agogo ìpè. A bó pépà àpò kan kúrò: òkúta tó jókòó bí ìrọ̀rí, tòun ti ìṣẹ́po etí rẹ̀.

Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá rọra jókòó lé e lórí. Òkúta náà gbà á dáadáa.

Ni ariwo bá sọ. Àwọn kan ní ayé ni, àwọn kan ní bíríkìlà ni, wọ́n sì bi Ṣàfíù léèrè ìdí tí kò fi kìlọ̀ fún wa.

“Mo rò pé ẹ̀sìn yín ni,” Ṣàfíù wí.

Láàárín ariwo yẹn, Ìyábọ̀dé ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì sìmẹ́ńtì. Kò sunkún. Ó gbàdúrà bí ẹni tó ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Olúwa, mi ò bínú, ìbéèrè ni mo ní. Ìwọ lo dá òjò dúró fún ọjọ́ méje. Kí ló dé tí o ò dá àwa náà dúró?”

Gbogbo wa gbójú sókè, torí ó wu àwa náà ká gbọ́ ìdáhùn.

Ẹni tó fọhùn ni Ṣàfíù. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń bọ̀ láìwọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀, ó ń fi òòlù kan àpò kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń ra àwo. Ó ní tó bá ṣe pé ọjọ́ Ẹtì tó kọjá lòun ti pò ó, pẹ̀lú òfuurufú tó ń ṣú lójoojúmọ́ yìí, búlọ́ọ̀kù ì bá ṣì tutù. Èyí ti gbẹ.

“Ọgọ́rùn-ún ni,” ó wí, “ọ̀kan ò sì tóbi ju èkejì lọ. Ta ló máa po amọ̀ fún mi?”

Kí ilẹ̀ ọjọ́bọ̀ tó ṣú, ìlà àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tó lọ síbi iṣẹ́. Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá bọ́ aago, ó fi pamọ́ sọ́wọ́ Ìyábọ̀dé, ó ṣe òṣùká, ó sì ń ru òkúta. Àpò kọkànlá ló gbé kalẹ̀ tó wo Ìyábọ̀dé lójú, tó ní kó má bínú sí òun. Ìyábọ̀dé ní kò burú, sà, nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku mọ́kàndínláàádọ́ta.

Nígbà tó fi di ọ̀sán Sátidé, ògiri ti dúró ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta yí ibi tí pẹpẹ máa wà ká. Bí ó ṣe dúró ni Alàgbà gba aago rẹ̀ padà, ó wẹ̀, ó wọ sùtánà míì, ó sì jẹ́rìí. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Ẹ̀mí ti fi hàn òun pé kí a máa bomi rin ín. Ṣóbọ̀wálé ní kí ìjọ má gbàgbé páànù òun, ṣá.

Bàbá Olúsànyà dé ní agogo mẹ́rin. Ó yí ògiri náà ká, ó fi ọ̀pá kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí pépà ṣì lẹ̀ mọ́, ó ní ta ló kọ́ wa láti máa kọ́lé láìtú ẹrù. Alàgbà ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un: Jẹ́ríkò, òjò, ọ̀bẹ, àkókò Ọlọ́run tí kì í fi ìṣẹ́jú kan yẹ̀. Bàbá fara balẹ̀ gbọ́. Ó wá fẹ̀yìn ti ògiri, ó fọwọ́ wọn àyà rẹ̀, ó ní ó dé e. Ó ní ilẹ̀ di tiwa.

A wólẹ̀. Ìyábọ̀dé nìkan ló kúnlẹ̀ tí kò tẹrí ba. Ó dúpẹ́ títí, àmọ́ ìbéèrè kan ti wà lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá, ká ní ẹ ò bá nǹkan kan níbí lónìí, ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀ bá fún àwọn elépo ní ilẹ̀ náà?”

Bàbá ń gbọn eruku sìmẹ́ńtì kúrò lára agbádá rẹ̀.

“Àwọn yẹn ti ra ilẹ̀ sí Òkè-Odò láti oṣù tó kọjá. Mo rò pé ẹ ti gbọ́.”