Ata Kọ́ Ló Ń Jẹ Euphrasie Níkùn

Ata ni wọ́n dá lẹ́bi. Ní abúlé Kpingni, bí ikùn bá ti ń ta ẹnikẹ́ni, ata aláìṣẹ̀ ni wọn óò na ìka sí. Euphrasie, opó Isidore, ò fẹnu kan ata láti ìgbà ọ̀gbìn dé ìgbà ìkórè, síbẹ̀ ikùn rẹ̀ ń jó o bí ẹni gbé ẹyin iná mì.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rèé: Ignace, àbúrò ọkọ rẹ̀, fẹ́ ṣú u lópó. Iṣu ló máa ń gbé wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ tí opó bá se irú iṣu bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin náà jẹ, ó di ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Euphrasie kì í sè é, kì í sì í dá a padà. Á ní, "Ẹ ṣé, ọkọ mi," á kó o sí àká, á wọlé lọ di ikùn mú.

Nígbà tí ara ò gbà á mọ́, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá Cosme tó ń tọ́jú aláìsàn nílùú Dassa. Cosme po oògùn funfun kan fún un.

"Ìyá, ìgbà wo ló máa ń jó yín jù?"

"Tí mo bá ti gbọ́ ikọ́ Ignace lẹ́nu ọ̀nà."

Cosme gbé síbí sílẹ̀. "Hà! Ata kọ́ nìyẹn. Awọ kan wà tó ń dáàbò bo ikùn. Tí ẹ̀rù àti ìbínú ò bá kúrò lára yín, omi kíkan inú ikùn á pọ̀ jù, awọ yẹn á máa bó. Ẹ mu oògùn yìí tán o. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń gbé mì yẹn, mi ò ní oògùn rẹ̀."

Euphrasie gba oògùn náà, ó kọrí sílé. Inú ń bí i, ara rẹ̀ ló sì ń bínú sí.

Nígbà tí oògùn ń tán lọ, Ignace pe gbogbo ẹbí jọ sílé Bàbá Dominique, olórí wọn. Ó ní, "Ó ń gba iṣu mi. Ó ti gbà nìyẹn. Mo ń kó ẹní mi lọ sílé rẹ̀ lónìí."

Ẹ wo ọkùnrin yìí! Kò tíì jókòó tán tí Euphrasie fi wọlé, tó da agbọ̀n iṣu sí i lẹ́sẹ̀.

"Ẹ kó iṣu yín. Mi ò fẹ́ yín."

"Ta ni yóò máa dáko fún ọ?"

"Ta ló ń dá a látọjọ́ yìí?"

Bàbá Dominique ní, "Euphrasie, opó kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nílé yìí."

"Mo ti sọ ọ́ báyìí, Bàbá." Kò kúnlẹ̀.

Ó délé, ó se iṣu oko ara rẹ̀, ó sì gún ata sí ọbẹ̀. Ó bù ú jẹ, ó dúró, ó ń retí iná ikùn. Ata náà jó o lẹ́nu. Ẹnu nìkan.