Iná Dé

Oníná ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, nítorí òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ kékeré tó ń fi omi odò ṣe iná mànàmáná fún abúlé. Láti ìgbà tí odò ti gbẹ, tí ẹ̀rọ ti dákẹ́, wọ́n sọ ọ́ di Alókùnkùn, àfi bí ẹni pé òun ló gbé odò náà mì.

Nígbà tí òjò rọ̀ lápá òkè odò, tí omi padà, ó ṣí ìlẹ̀kùn tí omi ń gbà dé ìdí ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́. Ó ń kó ewé kúrò lójú ọ̀nà omi náà nígbà tó gbọ́ ariwo láti abúlé: "Iná! Iná o!"

Bí wọ́n ṣe máa ń yọ̀ nìyẹn tí iná bá dé. "Ẹnu yín ti wọhò báyìí, àbí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó bojú wo gílóòbù inú ilé ẹ̀rọ. Kò tàn. Omi kò tíì tó yí ẹ̀rọ.

Ó sáré délé. Àbẹ́là tí ìyá rẹ̀ tàn ti jó ilé mọ́ ìyá náà lórí.

"A pariwo títí," ni ìyá àgbà ilé kejì wí. "Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, mà."