Wákàtí Mẹ́rìnlá Lójú Òfurufú

Nígbà tí bàálù balẹ̀ tí gbogbo èrò dìde, ìyá aránṣọ bá wọn dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ó ní, "Ọpẹ́ ni, mo ti dé." Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló bímọ sí òkè òkun, òun ló ń lọ bá a tọ́jú ọmọ.

Ó dúró nínú gbọ̀ngàn ńlá kan, ó ń wo ojú èèyàn bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó já sílẹ̀. Kò rí ọmọ, kò rí ọkọ ọmọ. Ìgbà tí ìbàdí ń ro ó, ó wá àga jókòó, ó sì tẹ ọmọ náà láago.

"Màmá, ibo lẹ wà?"

"Ìwọ ló yẹ kí n bi! Mo ti dé, mi ò rí yín."

"Ẹ ò tíì dé o. Ibi tẹ́ ẹ ti máa wọ bàálù kejì nìyẹn."

Ìyá wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Wákàtí mẹ́rìnlá lo pè é fún mi. Ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ tí mo ti kúrò nílé."

"Tòfurufú nìkan ni mo sọ. Mi ò ka ìdúró mọ́ ọn. Ẹ má bínú, Màmá, àìsùn ò jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń sọ mọ́."

"Báwo ló tiẹ̀ ṣe jìnnà tó?"

"Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá kìlómítà."

Ìyá, ẹni tó jẹ́ pé téèpù ìránṣọ ọrùn rẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n tó mọ̀, gbìyànjú láti fojú inú wo ọ̀nà náà, ó rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ìdajì.

"Ìwọ náà, ṣé kò sọ́kọ nítòsí ni?"

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. "Ẹ ṣá máa bọ̀, Màmá."

Ìyá nu ojú tirẹ̀ náà, ó bi òṣìṣẹ́ kan léèrè ọ̀nà, ó sì wọ́ ara rẹ̀ lọ. Nínú bàálù kejì, orí ìjókòó ló sùn sí, ọrùn rẹ̀ wọ́.

Oòrùn òwúrọ̀ ń ràn níbi tó balẹ̀ sí, àmọ́ òru ṣì ni lára rẹ̀. Ọkọ ọmọ wá gbé e délé. Ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ìkókó wà léjìká rẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, Màmá. Ẹ kọ́kọ́ wẹ̀, kẹ́ ẹ sùn. Ó ti rẹ̀ yín."

"Ó rẹ̀ mí lóòótọ́. Gbé e wá."

Ó gba ọmọ, ó sì jókòó. Ìyá ọmọ fìdí lé àga, ó ní, "Ṣẹ́ ẹ rí i, tó bá ti di ìdájí báyìí, ṣe ló máa…" Ọ̀rọ̀ náà kò parí lẹ́nu rẹ̀. Oorun ti gbé e lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ìgbà tó wà lọ́mọdé.

Ìkókó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ìyá rọra dìde, gbogbo oríkèé ń ké, ó ń rìn láti ojú fèrèsé dé ibi tábìlì.

"Ọkọ mi, rọra o. Má jí ìyá ẹ."

Nígbà tí ọkọ ọmọ gbé àpótí wọlé, ojú ni ìyá fi sọ fún un pé kó rọra ti ilẹ̀kùn.