Reluwé Tó Ní Ìyẹ́

Nínú ẹgbẹ́ wa, apẹ̀rẹ̀ kan wà tí à ń pè ní Kò-Sí-Nígbà-Náà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíláàsì tí a máa ń lò ní ọ̀sán Sátidé la gbé e sí. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, Tíṣà Adédìpẹ̀, olórí ẹgbẹ́ wa, á ti wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá rí lára rẹ̀ tí kò sí láyé nígbà tí reluwé kọ́kọ́ dé Ìwó, inú apẹ̀rẹ̀ ló ń lọ. Aago ọwọ́ Moṣọpẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ibẹ̀ di ilé. Lọ́jọ́ kan, eyín àtọwọ́dá Bàbá Sàlàkọ́ náà balẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí a kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́ ni Tíṣà dá a padà fún wọn.

Ọjọ́ tí reluwé kọ́kọ́ dé ìlú wa la fẹ́ fi ṣe eré lórí pápá ilé ìwé, níwájú gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni kò rán wa níṣẹ́. A kàn fẹ́ràn àtijọ́ ni, bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù.

Òfin Tíṣà kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí o bá fẹ́ mú wọ inú eré, mú ẹlẹ́rìí rẹ̀ wá. Ẹlẹ́rìí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbàlagbà tó lè sọ pé, “Ó wà nígbà náà.” Ẹlẹ́rìí tí wọ́n sì gbọ́kàn lé jù ni Ìyá Àgbà mi, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Eyín iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni, lọ́jọ́ tí reluwé wọ̀lú. Tíṣà á jókòó tì wọ́n lórí ẹní, á ṣí ìwé.

“Àwọ̀ wo ló ní, mà?”

“Dúdú. Dúdú bí ìdí ìkòkò.”

Tíṣà á kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé mẹ́ta ti kún.

Ismaeel, wẹ́dà kan láti Kuta, ló ń ṣe reluwé náà. Epo mọ́tò wọ́n lọ́dún yẹn, torí náà àgbá òfìfo kò wọ́n. Ó jó mẹ́ta pọ̀, ó gbé wọn lé ọmọlanke, ó sì gbé ìkòkò omi àti ẹyin iná sínú wọn, kí ooru lè máa rú jáde lókè. Èmi ni mò ń rán aṣọ ẹgbẹ́. Mo wo reluwé náà títí, ó ń ṣe mí bíi pé nǹkan kù lára rẹ̀.

“Ìyẹ́ ló kù,” ni mo wí.

Ismaeel yẹ gíláàsì dúdú rẹ̀ sókè. “Safurat, ṣé o jẹun lónìí?”

“Ìyẹ́ funfun méjì. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí i. Ó ti wà lójú mi láti kékeré.”

Ó wò mí, ó wo reluwé. “Màá ṣe egungun rẹ̀,” ló sọ. “Ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ láṣọ.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gé aṣọ funfun, tí mo ń rán an mọ́ wáyà, ègé kan lé ègé kan. Nígbà tí a gbé e dé iwájú Tíṣà, wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

“Safurat, kí lèyí?”

“Ìyẹ́ ni, sà.”

“Ìyẹ́ kí ni?”

“Ti reluwé, sà.”

Tíṣà nawọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

“Apẹ̀rẹ̀ kò ní gbà á, sà,” Ismaeel wí jẹ́jẹ́.

“Ó dáa. Sátidé leré wa. Bí ẹ kò bá mú ẹlẹ́rìí wá títí Ọjọ́bọ̀, ẹ tú u.”

Mo sunkún délé. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà.

“Ẹ kàn bá mi sọ pé ó ní nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ò ní láti pè é ní ìyẹ́.”

“Irọ́ lo fẹ́ kí n pa fún ọmọ Adédìpẹ̀?”

Mo dorí kodò. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì tán lójú wọn.

“Irọ́ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ mi. Lọ pè é wá.”

Ní Ọjọ́bọ̀, Tíṣà dọ̀bálẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ṣí ìwé.

“Pa ìwé yẹn dé,” Ìyá Àgbà wí. “Mi ò rí reluwé náà.”

“Ẹ̀n, mà?”

“Mo wà níbẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ké báyìí, mo ti ki orí bọ abẹ́ ìró ìyá mi, mo di ojú pinpin. Nígbà tí mo là á, èéfín ló kù.”

“Dúdú bí ìdí ìkòkò ńkọ́?”

“Ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ariwo yẹn nìkan ni tèmi.”

Ojú Tíṣà dà bí ti ẹni tí òjò wó ilé rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Àánú wọn ṣe mí ju ti ìyẹ́ mi lọ.

“Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ agboolé yí mi ká,” Ìyá Àgbà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Wọ́n ní kí ni mo rí. Ṣé kí n ní mo wo abẹ́ ìró ni? Mo ní ó ní ìyẹ́ méjì. Ọdún kan gbáko, kò sí ọmọdé kan lágboolé wa tí kò mọ̀ pé bí reluwé bá kúrò ní Ìwó, ṣe ló ń fò lọ. Safurat náà, irọ́ yẹn ni mo fi ń rẹ̀ ẹ́ sùn nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.”

Tíṣà sún mọ́ wọn.

“Mà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an lẹ sọ ọ́?”

“Kí oòrùn tó wọ̀.”

Tíṣà tún ṣí ìwé. “Ìyẹ́ méjì. Àwọ̀ wo?”

“Funfun. Bíi ti lékeléke.”

Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n fa ìlà sí i nídìí. “Ẹnu àwọn ọmọdé ló wà,” ni wọ́n wí, “ṣùgbọ́n ó wà nígbà náà.”

Ní Sátidé, pápá kún. Àwọn èèyàn wá títí kan ará Ilé-Ogbó. Ìyẹ́ òsì kọ́ òpó gọ́ọ̀lù, a já a gbà. Ọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, “Reluwé wo ló ní ìyẹ́ láyé yìí?”

Tíṣà Adédìpẹ̀ dìde fúnra wọn, wọ́n na ìwé wọn sókè. “Ó ní ẹlẹ́rìí!”

Ìyá Àgbà jókòó níwájú pátápátá. Ismaeel tú ooru sílẹ̀, fèrè ké, àwọn ọmọdé fọ́n ká. Kíá ni Ìyá Àgbà fa ìbòrùn wọn bojú. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí yóò kọjá láìjẹ́ pé wọ́n rí i. Ìyẹ́ méjèèjì sì ti ń kọjá lọ níwájú wọn, wọ́n ń mì.

Ìgbà náà ni mo rí i tí wọ́n ká etí ìbòrùn náà sókè díẹ̀, tí ojú kan yọ.